Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Iṣẹ́ Àtiléṣe Ń Fẹ́ Ilẹ̀kùn

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Oníṣirò owó ni mí, ilé-iṣẹ́ wa sì ti ní kí a máa ṣiṣẹ́ láti ilé ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n a máa yìn mí pé ọwọ́ mi yá. Ní báyìí, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bí ó bá fi máa di ọ̀sán, n kì í rí ohun gidi kan tọ́ka sí. Ọkọ mi á béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ọmọ mi á ní kí n wá wo àwòrán tí òun yà, bí mo bá sì dìde láti lọ bu omi mu, màá rí aṣọ tí a kò tíì ká, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ṣé ọ̀lẹ ni mo ti dà ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi orúkọ yẹn pe ara yín, ọ̀lẹ kì í kọ lẹ́tà nítorí iṣẹ́ tí kò ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ́fíìsì ń bá yín ṣe àwọn nǹkan kan tí ẹ kò mọ̀ pé ó ń ṣe. Ìrìn àárọ̀ ń sọ fún ọkàn yín pé iṣẹ́ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn ń yà yín sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ará ilé, akẹgbẹ́ tó bá rí i pé ẹ tẹrí mọ́ ìwé á yí padà, nígbà tí gbogbo èèyàn bá sì ń gbé báàgì wọn ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin náà á gbé tiyín. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹ máa ṣiṣẹ́ láti ilé, kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́. Ìyókù kò bá a wá.

Ìwádìí kan wà tí àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìparí ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Ctrip ní Ṣáínà, tó ń bá àwọn arìnrìn-àjò ṣètò ọkọ̀ òfuurufú àti hòtẹ́ẹ̀lì, pín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ń gba ìpè, tí wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn, sí ọ̀nà méjì: apá kan ń ṣiṣẹ́ láti ilé fún ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, apá kejì dúró sí ọ́fíìsì. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, iṣẹ́ àwọn tó wà nílé fi nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, gẹ́gẹ́ bí Nicholas Bloom ti Yunifásítì Stanford àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kọ ọ́ jáde ní 2015. Ibi tí àwọn èèyàn máa ń ka ìròyìn náà dé nìyẹn. Ohun tó kàn yín wà níwájú díẹ̀: kò sí ẹni tí wọ́n gbà sínú ètò náà àfi ẹni tó ní ibi tí ó lè dá jókòó sí ṣiṣẹ́ nínú ilé rẹ̀. Ilé tó ní ilẹ̀kùn ni ó borí ọ́fíìsì, kì í ṣe ilé lásán.

Bí kò bá sí yàrá, àmì lè dípò ilẹ̀kùn. Ní ilé tèmi, etí tábìlì kan tó dojú kọ ògiri ni ọ́fíìsì mi, mo sì ní fìlà pupa kan tí mo máa ń dé bí mo bá ń kọ̀wé. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé bí fìlà bá ti wà lórí mi, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ àfi bí iná bá ń jó ilé. Ní ọjọ́ kejì, àbíkẹ́yìn mi wá dúró lẹ́yìn mi, ó ní, “Dádì, ṣé bàtà tó sọnù náà jẹ́ iná?” Mo ní rárá. Nígbà tí mo ṣí fìlà ní aago mọ́kànlá, mo bá a lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó wọ bàtà sí ẹsẹ̀ kan, ó ń dúró dè mí. Kí ẹ sì kíyè sí i pé aago mọ́kànlá tí mo dá fún un ni mo ṣí i. Ọmọdé lè ní sùúrù fún àkókò tó dá a lójú, ṣùgbọ́n bí “ó kù díẹ̀” bá ti di wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan, àmì yín ti di yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Ní ti bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ ní alẹ́, kì í ṣe nígbà tí inú ń bí yín, kí ẹ sì jọ wá ibi kan tí kọ́kọ́rọ́ yóò máa wà.

Aṣọ kíká ní tirẹ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó rán yín sí i. Lójú tèmi, kì í ṣe aṣọ ló ń pè yín, iṣẹ́ tó le ló ń lé yín. Bí ẹ bá ká aṣọ, ẹ ó rí i pé ó pé mẹ́wàá lórí ara wọn. Ìṣirò tí kò dọ́gba kì í fún èèyàn ní irú ìtùnú bẹ́ẹ̀. Sophie Leroy, olùwádìí nípa ìhùwàsí èèyàn níbi iṣẹ́, fi hàn nínú ìwádìí kan tó tẹ̀ jáde ní 2009 pé bí èèyàn bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí tó sì bọ́ sórí òmíràn, apá kan ọkàn rẹ̀ ṣì máa ń wà lórí ti àkọ́kọ́, kò sì ní ṣe èkejì dáadáa. Nítorí náà, kí ẹ tó dìde lọ bu omi, ẹ kọ ohun tó kàn sórí bébà: “Mo ti yẹ ìwé ìsanwó wò dé ojú ewé kẹrin, 12,400 kò bá ti báǹkì mu.” Ìwé kékeré yẹn ni yóò fà yín padà sí ìdí tábìlì.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, atúmọ̀ èdè ni mí, mo sì ń dá gbé. Fóònù mi nìkan ló ń dí mi lọ́wọ́. Mo ti pa ìró rẹ̀, mo ti dojú rẹ̀ dé orí tábìlì, síbẹ̀ mo ṣì ń gbé e. Ṣé ọgbọ́n ìṣẹ́jú 25 tí wọ́n ń sọ yẹn wúlò?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, gbé fóònù náà kúrò nínú yàrá. Ní 2017, Adrian Ward, olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn èèyàn ní ìdánwò ọpọlọ. Fóònù àwọn kan wà lórí tábìlì, ti àwọn kan wà nínú àpò, ti àwọn yòókù sì wà nínú yàrá mìíràn, kò sì sí èyí tó ń dún. Àwọn tí tiwọn wà nínú yàrá mìíràn ṣe dáadáa ju àwọn tí tiwọn wà lórí tábìlì lọ. Àwọn mìíràn tó tún un ṣe kò rí èsì kan náà nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n kò ná ọ ní nǹkan kan láti dán an wò.

Francesco Cirillo, ará Ítálì, ló gbé ọgbọ́n ìṣẹ́jú 25 kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́. Aago ìdáná tó rí bíi tòmátò ló ń lò: iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 25, ìsinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó dára fún ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aago bá dún nígbà tí gbólóhùn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá sí ọ lọ́kàn, parí ìpínrọ̀ náà ná. Ìwọ lo ni aago, aago kọ́ ló ni ọ́. Má sì torí aago gbé fóònù padà wọ yàrá. Aago lásán ti tó. Ohun kan tún kù: nígbà tí ètò Ctrip parí, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ló yàn láti padà sí ọ́fíìsì, wọ́n ní ìdánìkanwà ń dà wọ́n láàmú. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ohùn èèyàn lò ń wá nínú fóònù yẹn. Pe ọ̀rẹ́ kan ní ọ̀sán, kí ẹ sọ̀rọ̀ tẹ́rùn.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ títí di aago mọ́kànlá alẹ́. Nígbà wo ni iṣẹ́ ń parí gan-an?

Ìdáhùn: Ní ilẹ̀ Faransé, láti oṣù kìíní ọdún 2017, òfin ti ní kí ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wọn jíròrò lórí ẹ̀tọ́ wọn láti pa ẹ̀rọ iṣẹ́ tì lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́. Ibi tí kò bá sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé alẹ́ yìí ni ẹ ń retí èsì, tàbí àárọ̀ ọ̀la?” Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló jẹ́ pé alẹ́ ni wọ́n ń rántí nǹkan, tí wọn kò sì retí èsì rárá. Bí ó bá ní àárọ̀, ẹ kọ iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀la sílẹ̀, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ sì rìn jáde síta, bí ẹni tó ń ti ọ́fíìsì bọ̀ wálé.