Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ òdo sílẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín fún yín, tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá wọn lórí ẹranko inú igbó láàárín oṣù mélòó kan, ẹ kú ìmúra. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, inú àwọn oko kòkó àti igbó ojú ọ̀nà Ifẹ̀wàrà sì ni èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń dẹ pàkúté sí. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kò ju ọ̀kan lọ: ojú tí ẹ bá fi gba ìròyìn pàkúté tó ṣófo ni yóò sọ bóyá òótọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ yín yóò máa kọ tàbí irọ́. Ojú mi rí nǹkan kí n tó mọ èyí.

Ní ọdún kan, mo ní akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń fi àwọn eku inú oko kòkó wé ti inú igbó, kí a lè mọ irú èyí tí kì í gbé oko. Ogójì pàkúté onípáànù kéékèèké ni a ní. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó mú ìwé wá bá mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òdo ló wà lórí gbogbo ìlà rẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, mo sì sọ pé, “Ṣé ohun tí o fẹ́ fi gboyè nìyí?” N kò pariwo, n kò sì bú u, ṣùgbọ́n mo fajú ro. Láti ọjọ́ náà lọ, pàkúté rẹ̀ kò ṣófo mọ́.

Ìwé tó ń mú wá lẹ́yìn náà funfun jù. Kò sí ẹrẹ̀ lára rẹ̀, kò sí àbàwọ́n epo ẹyìn tí a fi ń ṣe ìjẹ, báírò kan náà ló sì fi kọ gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ keje. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, ó kọ òkété tó ti dàgbà sí ibì kan, bẹ́ẹ̀ òkété tó dàgbà kò lè wọ inú pàkúté kékeré yẹn. Ó tún kọ eku mẹ́rin sí àárọ̀ ọjọ́ kan tí odò kún bo afárá lẹ́yìn òjò òru; bàbá olóko sì sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó dé oko lọ́jọ́ náà. Mo gbé ìwé náà síwájú rẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, “Ẹ dákun, mà, ẹ̀rù yín ló bà mí.”

A da àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nù. Ó purọ́, n kò ní bá a dá irọ́ náà láre. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ pé òótọ́ ń bí mi nínú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí òdo ń ṣe, ẹ wo akika. Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè inú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, fẹnu kò pé kí a má fi akika inú igbó ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn mọ́, ní 2019 sì ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá inú igbó, ka akika oníkùn funfun, tí ó wà nínú igbó tiwa, mọ́ àwọn ẹranko tí ewu àkúrun ń wu. Kámẹ́rà tí a so mọ́ igi lè lo ọ̀pọ̀ òru láìya àwòrán akika kankan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ kìkì òru tó rí i, ẹni tó ka iṣẹ́ rẹ̀ yóò rò pé akika ṣì pọ̀ bí ọ̀yà, yóò sì fọkàn balẹ̀ lórí igbó tó ti ń ṣófo.

Nítorí náà, ẹ bá wọn lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ òdo lójú wọn. Pẹ́ńsù ni kí wọ́n lò, nítorí òjò máa ń fọ báírò dànù, ẹ̀gbẹ́ pàkúté gan-an sì ni kí wọ́n ti kọ ọ́, kì í ṣe ilé. Kí wọ́n dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú, nítorí páànù tó gbóná máa ń pa eku inú rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ ṣeré rárá: láti 1969 tí a ti dá ibà Lassa mọ̀ ni a ti ń bá a yí, eku ló sì ń gbé e kiri. Ẹ fetí sí àwọn náà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ Iléṣà kan ló fi òkìtì èèpo ẹkùrọ́ tí eyín ti họ hàn mí lẹ́nu ihò òkété kan tí mo ti ń kọjá lára rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Kí ẹ tó mú wọn wọ igbó rárá, ẹ kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sábẹ́ igi tí àwọn àdán máa ń sùn sí nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní àsìkò tí àwọn àdán náà bá wà níbẹ̀. Kí olúkúlùkù ka àdán orí igi kan náà, kí ẹ̀yin náà kà á, kí ẹnikẹ́ni má sọ iye tirẹ̀ títí gbogbo yín yóò fi kọ ọ́ tán. Iye náà kò ní bára mu. Ẹ tẹ́ ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kí gbogbo yín jọ wò ó, kí ẹ má sì pa tiyín rẹ́.