Èsì: Ta ni yóò kọ lẹ́tà náà, ìyá ni àbí ọmọ?

Ẹ̀gbọ́n mi ní Kétu, ẹ ní ẹ fẹ́ kọ lẹ́tà sí yunifásítì tí ọmọ yín tí etí rẹ̀ di díẹ̀ ń lọ ní Amẹ́ríkà, láti bá a béèrè ìrànwọ́. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ní yunifásítì níbẹ̀, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òfin ADA ti ọdún 1990, òfin Amẹ́ríkà lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara, fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànwọ́ láìsan kọ́bọ̀: àfikún àkókò ìdánwò, ẹni tó ń bá a kọ nóòtì, ọ̀rọ̀ olùkọ́ tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní dín kù o! Ti ọmọ tèmi láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ìwé àyẹ̀wò etí tó ti pé ọdún márùn-ún la kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ bí ẹ̀rí, Faransé pọ́ńbélé. Wọ́n dá a padà. Ẹ tètè ṣe tuntun, kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kó tó wọ bàálù.