Bàbá mi ò fẹ́ tẹ́ẹ̀sì ṣúgà mọ́

Ìbéèrè: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wọn, ẹ̀rù bà wọ́n gan-an, wọ́n ń tẹ́ẹ̀sì láràárọ̀, àmọ́ ní báyìí máṣíìnì ti padà sínú páálí ẹ̀, wọ́n ní ara àwọn le. Mo ní ẹsẹ̀ wọn lè di gígé o, wọn ò tiẹ̀ wojú mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gígé yẹn sílẹ̀ ná. Kì í ṣe irọ́ o, ìtọ̀ ṣúgà lè ba ojú àti kíndìnrín náà jẹ́, àmọ́ ẹ̀rù kì í pẹ́ lára, torí ṣúgà tó ga díẹ̀ kì í dunni, èèyàn á jí, á jẹun, á sùn, á dẹ̀ máa rò pé ó ti lọ nìyẹn. Ohun téèyàn bá fọwọ́ ara ẹ̀ yàn ló máa ń bá a lọ.

Jẹ́ kí n bi ẹ́, tí 210 bá jáde lójú máṣíìnì, kí lẹ máa ń sọ nílé? "Kí lẹ tún jẹ lánàá?" àbí? Ẹ ti sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí tó ń ta ko bàbá yín, ta ló máa fẹ́ gbé e jáde? Ní kí wọ́n fúnra wọn dán an wò: kí wọ́n tẹ́ẹ̀sì kí wọ́n tó jẹun àti lẹ́yìn wákàtí méjì, lọ́jọ́ kejì kí wọ́n jẹ oúnjẹ kan náà, kí wọ́n wá rìn díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Tí wọ́n bá fojú ara wọn rí i pé nọ́ńbà yẹn wálẹ̀, ó ju gbogbo ìwàásù ẹ lọ. Ọjọ́ míì kò ní í wálẹ̀ o, àìsùn àti wàhálà náà ń gbé ṣúgà sókè, ẹ má fìyẹn bá wọn jà, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HbA1c ló ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta.

Kó o wá bi wọ́n ohun tí wọn ò fẹ́ kí àìsàn yìí gbà lọ́wọ́ wọn, kó o sì dákẹ́. Bóyá ìwé kíkà ni, bóyá mọ́tò wíwà lálẹ́, ojú ni méjèèjì ń lò.

Ibi tí kò ti sí mo-fẹ́-n-ò-fẹ́ ni tó bá jẹ́ ínsúlínì ni wọ́n ń lò, àbí oògùn tó lè já ṣúgà wálẹ̀ jù. Tí wọ́n bá ń gbọ̀n, tí wọ́n ń làágùn, ẹ tẹ́ẹ̀sì lójú ẹsẹ̀, tí kò bá tó 70 mg/dL, ẹ fún wọn ní nǹkan oníṣúgà kíá. Tí wọ́n bá ti dákú, ẹ má fi nǹkan kan sí wọn lẹ́nu, ọsibítù ni.