Kí ló dé tí ọkọ̀ ojú irin wa ní Chicago fi ń gba ọwọ́ òsì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Oak Park, lẹ́bàá Chicago, ni mò ń gbé. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ máa ń gba ọwọ́ òsì, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni mo mọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà. Ẹnìkan ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló dá àṣà náà sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi lè wọ ọmọ Nàìjíríà létí: ọ̀dọ̀ wọn ni àwa ti kọ́ gbígba ọwọ́ òsì lójú títì, a ò sì fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ṣùgbọ́n ti Chicago ní orírun tirẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Chicago and North Western ló ni irin tí ẹ ń gùn yẹn tẹ́lẹ̀. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ lójú ọ̀nà náà ni Galena and Chicago Union, tó gba ìwé àṣẹ ní Illinois lọ́dún 1836, tí kò sì rí owó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. William B. Ogden, méyọ̀ àkọ́kọ́ fún Chicago, ló gbé e lé èjìká. Nígbà tí àwọn olówó ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà kò dá a lóhùn, ó gun ẹṣin láti oko dé oko, ó ń rọ àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n ra ìpín, olúkúlùkù bí agbára rẹ̀ ti mọ. Wọ́n rà á, nítorí kíkó àlìkámà gba inú ẹrẹ̀ lọ sọ́jà ti sú wọn. Lọ́dún 1848, ẹ̀rọ àlòkù kan tí wọ́n ń pè ní Pioneer ló kọ́kọ́ rìn lórí irin náà (ó ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Chicago). Nínú ìrìn àkọ́kọ́ yẹn, àwọn olórí ilé iṣẹ́ rí àgbẹ̀ kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ màlúù kó àlìkámà bọ̀. Wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀. Ọdún 1864 ni ilé iṣẹ́ náà wọnú North Western, láìtíì dé ìlú Galena tó ń jẹ́ mọ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, irin kan ṣoṣo ni ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń gbà. Wọ́n kọ́ àwọn ilé ìdúró èrò sí apá òsì, téèyàn bá kọjú sí Chicago. Kò sí òfin kankan nídìí èyí. Ó kàn bọ́ sí bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi irin kejì kún un, apá tí kò sí ilé ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, kí wọ́n má baà máa ṣí ilé tí wọ́n ti fowó kọ́ nípò. Èwo wá ni kí ọkọ̀ tó ń lọ sí Chicago gbà nínú méjèèjì? Ẹ ro ti èrò wò. Ẹni tó ń lọ sí ìgboro láàárọ̀ ló nílò ibi tí yóò ti jókòó dúró de ọkọ̀, pàápàá nígbà òtútù Illinois tí yìnyín bolẹ̀. Ẹni tó ń ti ìgboro bọ̀ nírọ̀lẹ́ kò dúró de nǹkan kan. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, ilé ló kàn. Wọ́n bá fi irin ẹnu ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń lọ sí Chicago, irin náà ló sì wà lọ́wọ́ òsì.

Wọn kò yí i padà mọ́, nítorí gbogbo iná atọ́nà àti ibi tí irin ti ń yà ni wọ́n ti tò fún ọwọ́ òsì, owó ńlá ni àtúntò rẹ̀ yóò sì gbà. Nígbà tí Union Pacific, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin mìíràn, ra North Western lọ́dún 1995, bí wọ́n ṣe bá a ni wọ́n fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta tí Metra, àjọ tó ń fi ọkọ̀ ojú irin kó èrò ní agbègbè Chicago, ń gbà jáde láti ibùdókọ̀ Ogilvie ni àṣà yìí wà. Àwọn ọkọ̀ tó ń ti Union Station, ibùdókọ̀ Chicago mìíràn, jáde sábà máa ń gba ọwọ́ ọ̀tún, nítorí náà bí ẹ bá ń wọ tibẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ tí ẹ dúró sí dáadáa.