Wọ́n ti yọ Yorùbá kúrò lórí timetable ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ nìjọba ló ní kí wọ́n yọ ọ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá ní sùkúù lóṣù yìí pọ̀ gan-an, mẹ́ta ni mo mú, torí àwọn tó kù jọ wọ́n. Èyí àkọ́kọ́ ni màá pẹ́ lórí ẹ̀ jù, nígbà tí mo kà á tán mi ò lè gbé e sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú ni mò ń gbé, ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́jọ, pírámárì kẹta ló wà ní sùkúù àdáni kan. Bí wọ́n ṣe wọlé ní táàmù yìí, wọ́n fi mẹ́sééjì sórí WhatsApp àwa òbí pé àwọn ò ní kọ́ wọn ní Yorùbá mọ́, ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé e, Faransé làwọn máa fi rọ́pò ẹ̀. Mi ò tíì ráyè lọ bá wọn sọ ìyẹn tí nǹkan kejì fi ṣẹlẹ̀. Imú ọmọ tó jókòó tì í ní kíláàsì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, ọmọ mi bá pariwo pé "Áńtí, ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú ẹ̀ o!" Wọ́n tọ́jú ọmọ yẹn lóòótọ́, àmọ́ wọ́n gbé pákó kọ́ ọmọ tèmi lọ́rùn, "I am a vernacular speaker" ni wọ́n kọ sára ẹ̀, ọrùn ẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi jáde. Nígbà tó délé kò sunkún, ó kàn ní kí n má pe òun ní oríkì òun mọ́ tí mo bá wá mú òun níwájú géètì. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ṣé lóòótọ́ nìjọba ti fagi lé Yorùbá? Ṣé ọmọ mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ èdè ẹ̀ mọ́ ni? (Ìyá Àṣàkẹ́, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí n tó sọ nǹkan kan nípa òfin, ẹ bá mi pe Àṣàkẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún un pé ó káre, ó rí ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí ẹnu ẹ̀ jù ló fi ké sí àgbà, ìyẹn náà ni wọ́n ṣe tètè rí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tọ́jú. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó sùn lálẹ́ òní.

Ó wá ku ohun tí sùkúù sọ. Apá kan ẹ̀ jóòótọ́, apá kan ò jóòótọ́, wọ́n wá lẹ méjèèjì pọ̀. Ọ̀nà méjì lèdè ń gbà wọ sùkúù. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n máa fi èdè yẹn kọ́ ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ tó kù. Èkejì ni kí èdè náà fúnra ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan, kó ní tíṣà tiẹ̀, ìwé tiẹ̀ àti ìdánwò tiẹ̀. Ní November 2022 ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò kan, Adamu Adamu tó jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́ nígbà yẹn ló kéde ẹ̀, pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó máa lò ní pírámárì. Ètò yìí ni Tunji Alausa, mínísítà tó wà níbẹ̀ ní November 2025, dúró ní Àbújá tó sọ pé àwọn ti fagi lé, pé gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni wọ́n dí yẹn o. Ọ̀nà kejì ṣì wà ní ṣíṣí, torí nínú kàríkúlọ́ọ̀mù tuntun tí ìjọba kan náà gbé jáde lọ́dún 2025 yẹn, èdè Nàìjíríà kan wà lára iṣẹ́ tí ọmọ pírámárì àti ọmọ JSS máa ṣe. Ẹni tó bá ní ìjọba ní kóun yọ Yorùbá kúrò lórí timetable, ẹ ní kó fi ìwé tí ìjọba kọ hàn yín.

Inú mi ò dùn sí ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n dí yẹn o, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń bá wọn bò ó mọ́lẹ̀. Láti 1977 ni ìwé ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti ń sọ pé èdè ìyá ọmọ tàbí èdè àdúgbò ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé, bó ti lẹ̀ jẹ́ pé sùkúù tó tẹ̀ lé e ò pọ̀, ó ṣì wà lákọsílẹ̀, òbí lè tọ́ka sí i. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn, ibi tí òbí lè fìka tọ́.

Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, ẹ ṣì ní ibi tí ẹ lè tọ́ka sí. Ní February 2018, Akinwunmi Ambode tó jẹ́ gómìnà nígbà yẹn fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo èdè Yorùbá ní ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin yẹn sọ ọ́ di dandan kí gbogbo sùkúù pírámárì àti sẹ́kọ́ndírì máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá, àti tìjọba àti tàdáni, ó sì tún sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹni tó bá sọ Yorùbá tàbí kó gbowó ìtanràn lọ́wọ́ ẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ló ṣe é, ọ̀rọ̀ tí mínísítà bá sọ ní Àbújá ò lè pa á rẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ wọn ní Faransé, kí wọ́n kọ́ ọ mọ́ Yorùbá, ọmọ ọdún mẹ́jọ lè gbé méjèèjì dáadáa. (Kí n sọ èyí náà, torí kò ní dáa kí n fo ó: àwọn ọmọ Ẹ̀gún ní Bàdágírì, Yorùbá kọ́ lèdè ìyá tiwọn, tí wọ́n bá ní èdè tiwọn náà yẹ kó wà ní sùkúù wọn, ohun tá à ń jà fún gan-an làwọn náà ń béèrè, kò yẹ ká di etí sí wọn.)

Ó ku pákó. Ní ilẹ̀ Wales, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láyé àwọn bàbá ńlá wọn láàárín nǹkan bí ọdún 1800 sí 1900, igi kékeré kan wà tí wọ́n máa ń kọ "WN" sára ẹ̀ (ìyẹn "Welsh Not", pé kí wọ́n má sọ Welsh), ọmọ tó bá sọ èdè Welsh ní sùkúù ni wọ́n máa ń gbé e kọ́ lọ́rùn. Ọmọ yẹn á wá máa dẹ etí, tó bá gbọ́ tí ẹlòmíì sọ Welsh, ọrùn ẹni yẹn ni igi náà ń lọ, ẹni tó bá wà lọ́rùn ẹ̀ nígbà tí sùkúù fẹ́ parí ló máa jẹgba. Ẹ wò ó dáadáa, wọ́n sọ àwọn ọmọ di ọlọ́pàá síra wọn. Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀ sí mọ́nítọ̀ tiwa tó ń kọ orúkọ àwọn tó sọ fanákúlà sínú ìwé? Àwọn ará Wales ti ju igi yẹn nù tipẹ́, gbogbo ọmọ sùkúù ibẹ̀ ló ń kọ́ Welsh lónìí títí wọ́n fi máa pé ọmọ ọdún 16, gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì ti ìdí ẹ̀ bàjẹ́. Àwa la ṣì gbé pákó dání.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé. Ẹ má fi voice note bá wọn jà, ẹ kọ lẹ́tà, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ fẹ́ rí ìwé tó ní kí wọ́n yọ Yorùbá, kẹ́ ẹ tọ́ka sí òfin 2018 yẹn. Ọ̀rọ̀ pákó, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀, kí wọ́n má baà fi ọ̀kan bo èkejì, torí Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ti wọ̀ láti 1991 sọ ní abala 29 pé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún òbí ẹ̀, àṣà ẹ̀ àti èdè ẹ̀, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tiwa ti 2003, tí Èkó náà sọ di tiẹ̀ ní 2007, sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dójú ti ọmọdé. Ẹ wá òbí méjì tàbí mẹ́ta mọ́ra kẹ́ ẹ tó lọ, òbí kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń pè ní oníwàhálà. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò fèsì, ẹ gbé ẹ̀dà lẹ́tà yẹn lọ sí ọ́fíìsì Quality Assurance ti ètò ẹ̀kọ́ l'Ékòó, àwọn ló ń bójú tó sùkúù àdáni.

Ti oríkì yẹn, ẹ má fipá pè é níwájú géètì, ẹ jẹ́ kó sinmi ná. Ẹ máa pè é nínú ilé, ní àárọ̀ tẹ́ ẹ bá ń jí i, bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Tó bá tún fẹ́ ẹ níwájú géètì, òun fúnra ẹ̀ máa sọ.

ÌBÉÈRÈ: Mà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀yin tíṣà Yorùbá lẹ máa ń pariwo jù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe intafíù, òun ni wọ́n fi ń ṣe JAMB. Mínísítà sọ pé àwọn ọmọ ń fèèlì WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ wọn, ṣé irọ́ ló pa ni? Kí la fẹ́ fi Yorùbá ṣe? (Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, mo dúpẹ́ pẹ́ ẹ bi mí tààrà. Mi ò ní pe mínísítà ní onírọ́, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò. Ọdún 2022 nìjọba fọwọ́ sí ètò yẹn. Ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025 ti lo ọdún mẹ́fà ní sẹ́kọ́ndírì, ìyẹn ni pé ní nǹkan bí 2019 ló ti kúrò ní pírámárì. Báwo ni ètò pírámárì tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 ṣe máa mú un fèèlì? Mi ò tíì rí ẹni tó dá mi lóhùn.

Ẹ wá gbọ́ èyí, torí ilẹ̀ wa níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ mú ọmọ pírámárì ní St. Stephen's, Mọ́dákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀, tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ló ń kọ́ wọn. Àwọn kan sì wà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta tí wọ́n wá yí wọn sí gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbi gbogbo nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó fi Yorùbá ṣe ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn tó kù lọ, nínú gẹ̀ẹ́sì pàápàá wọn ò gbẹ́yìn. Fáfúnwá di mínísítà ẹ̀kọ́ ní 1990. Èmi náà mọ̀ pé gẹ̀ẹ́sì ṣe pàtàkì, òun ni mo fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àmọ́ ọmọ tó ti yé pé "ìdajì" jẹ́ kí wọ́n la nǹkan sí méjì ọgbọọgba, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tó máa kọ́ tẹ́ ẹ bá sọ "half" fún un, ẹni tí kò tíì yé rárá, ọ̀rọ̀ yẹn àti ìtumọ̀ ẹ̀ ló máa jọ gbé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwé ò pọ̀ lóòótọ́, tíṣà ò sì tó, mo gbà. Ìjọba ni kò pèsè wọn, ọwọ́ ẹ̀ ló yẹ ká ti béèrè.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ mà. SS1 ni mo wà l'Óṣogbo. Yorùbá ni mo fẹ́ràn jù, mo fẹ́ kà á ní yunifásítì, àmọ́ prínsípà ní kò sí tíṣà Yorùbá fún SS, kí n mú nǹkan míì. Ṣé mo ṣì lè ṣe é ní WAEC? (Ọmọ yín)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o lè ṣe é. Láti 2011 tí wọ́n ti yí kàríkúlọ́ọ̀mù sẹ́kọ́ndírì àgbà padà ni èdè Nàìjíríà kì í ti í ṣe dandan mọ́ fún àwọn SS, bí tíṣà kan bá ti fẹ̀yìn tì báyìí wọn ò tún ní gba òmíì. Ó ṣojú mi. Kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin là ń wọ kíláàsì lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó di méjì, ó wá di ẹ̀ẹ̀kan, ọjọ́ Fúráìdeè, ìgbà tó kẹ́yìn, tí àwọn ọmọ ti ń to bẹ́ńṣì tí ọwọ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn.

Bẹ àwọn òbí rẹ kí wọ́n bá prínsípà sọ ọ́ pé kí wọ́n fi Yorùbá sílẹ̀ fún ẹ nígbà tí wọ́n bá ń forúkọ yín sílẹ̀ fún WAEC, ìwọ á wá tíṣà níta. Tí wọ́n bá kọ̀, ìdánwò àwọn tí kò ti sùkúù forúkọ sílẹ̀ wà, àti ti WAEC àti ti NECO. JAMB náà ní Yorùbá, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé kò sí. Èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà ni wọ́n máa bi ẹ́. Àmì ohùn ló máa ń fa máàkì àwọn ọmọ sílẹ̀ jù, torí náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: kọ igba, igbá, ìgbà àti ìgbá sílẹ̀, kí o kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fún wọn, kí o kà á sókè títí etí ẹ á fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ àròkọ ojú ewé kan lórí ohunkóhun tó bá wù ẹ́, fi ránṣẹ́ sí mi níbí. Màá fi bírò pupa ṣe é fún ẹ bí mo ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì, màá sì fi dá ẹ lóhùn lóṣù tó ń bọ̀.