Ṣé ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè ka iṣẹ́ ìwádìí tó wà nínú àpamọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́, àyàfi èyí tí wọ́n bá tì pa fúngbà díẹ̀ tàbí tí jọ́nà kan (ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde) ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Èkó ní irú àpamọ́ yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó iṣẹ́ àwọn olùkọ́ àti àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí. Sọ́fítíwíà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lò fún un ni DSpace, tí MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, àti ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Hewlett-Packard jọ gbé jáde ní 2002. Ọ̀fẹ́ lòun náà.

Bí iṣẹ́ kan bá dé, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé á kọ orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún àti àkótán rẹ̀ sílẹ̀. Àlàyé yìí ni Google Scholar, ẹ̀rọ ìwárí Google fún iṣẹ́ ìwádìí, fi ń wá a rí, torí náà ó ṣe pàtàkì gan-an: bí wọ́n bá ṣi orúkọ kọ, ẹni tó ń wá ìwé náà lè má rí i láé, bó tilẹ̀ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tún máa ń gba àdírẹ́sì tí kì í yí padà, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hdl.handle.net, kódà bí yunifásítì bá pààrọ̀ wẹ́ẹ̀bùsáìtì rẹ̀.

Àpilẹ̀kọ àtijọ́ tó wà lórí bébà nìkan kò ní sí níbẹ̀ títí wọn yóò fi fi ẹ̀rọ ya àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn.