Má tíì ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ, kọ́kọ́ wo ẹni tí kò sí lórí yìnyín

Àbúrò, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní ikọ̀ họ́kì orí yìnyín ti yunifásítì yín, tó ń gbóná janjan títí di ọdún Kérésì, ti pàdánù márùn-ún nínú eré méje báyìí. O ní mẹ́ta nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù ló farapa, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń pariwo pé kí wọ́n lé kóòṣì, ìwọ náà sì fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì tó kù lọ́wọ́ rẹ. Má tíì tà á. Èmi náà ti pa irú ariwo yẹn rí, ojú mi sì rí i nínú ilé ara mi.

Yìnyín tí mo mọ̀ ní Òṣogbo kò ju ti inú kúlà àwọn tó ń ta mínírà lọ. Minnesota, ní Amẹ́ríkà níbí, ni mo ti rí i pé ènìyàn lè sáré lórí ẹ̀. Pápá àdúgbò wa ni ọmọ mi ọkùnrin ti kọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti máa ń da omi sílẹ̀ lásìkò òtútù kó lè dì. Nígbà tó wọ yunifásítì, wọ́n mú un sínú ikọ̀ wọn. Ilé-ìwé kékeré ni, Division III, ìyẹn ìpele kẹta eré yunifásítì, wọn kì í tìtorí eré san owó ilé-ìwé fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nítorí pé ó wù ú ló ṣe ń gbá a.

Ní ọdún kẹta rẹ̀, oṣù Kejì dé, nǹkan dojú rú fún wọn bó ṣe dojú rú fún yín yìí gẹ́lẹ́. Èmi ni mo máa ń pariwo jù ní ìlà tí a jókòó sí. Mo ní wọn ò sáré, mo ní kóòṣì ò mọ nǹkan kan. Ọmọ tèmi gan-an bí mi nínú. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ku òun àti aṣọ́lé nìkan, kàkà kó ṣán pọ́ọ̀kì, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá yẹn, kó dún, ṣe ló rọra tì í bí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ojú tì mí.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ló wá jẹun nílé. Ìyá rẹ̀ ro àmàlà, ó bu ewédú lé e, a jókòó. Ọmọ bá ki ọwọ́ òsì bọ inú àwo. Ìyá rẹ̀ ní: "Ọwọ́ wo nìyẹn? Iwájú bàbá ẹ lo ti ń fi ọwọ́ òsì jẹun?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ pààrọ̀ ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún dé inú àwo, ó bu òkèlè, àmọ́ kò dé ẹnu. Àárín ọ̀nà ló dúró sí, ó ń gbọ̀n. Mo ní kó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Egungun kan ti yọ gọngọ lórí èjìká, awọ ibẹ̀ dúdú ju ti ibi yòókù lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, àbúrò! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbá a mọ́ ògiri pápá ló ti ń fi pamọ́.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní méjì ti wà nílé ìtọ́jú, tí òun náà bá sọ, ta ni yóò gbá a? Ó wá ń tú àṣírí àwọn yòókù. Ọ̀kan ti fi kókósẹ̀ dí pọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ wú débi pé kò lè so okùn bàtà dé òkè mọ́. Ọ̀kan tún wà tí orí rẹ̀ mì nígbà tó ṣubú, tí iná pápá ń gún un lójú, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló já mi láyà jù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ní kó pe olùtọ́jú wọn níṣojú mi, kó sọ ti ara rẹ̀ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bá mi bínú fún ọjọ́ mélòó kan. Mo gbà.

Látìgbà náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo eré. Méjì-méjì ni àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn ń wọlé, bí ìṣẹ́jú kan bá fi máa pé, wọ́n ti jáde kí àwọn mìíràn lè wọlé. Yọ ẹni tó dára jù lára wọn kúrò, iṣẹ́ rẹ̀ á pín sórí àwọn tó kù. Friday àti Saturday ni wọ́n sábà máa ń gbá eré, léraléra. Wọ́n á fi orí tì í ní Friday. Ní alẹ́ Saturday, ní ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, ibẹ̀ ni wàá ti rí i: ẹsẹ̀ ò lè bá ẹni tó ń sá lọ mọ́, igi ni wọ́n á nà sí i, wọ́n á fi kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, réfẹ́rì á fọn fèrè, ó di ìṣẹ́jú méjì tí ènìyàn kan máa fi dín. Àwọn tó wà lórí ìjókòó á ní ọ̀lẹ ni. Kóòṣì ò sì ní ṣàlàyé fún ọ, ohun tí wọ́n máa ń sọ ò ju pé apá òkè ara ló ń dùn ún tàbí apá ìsàlẹ̀, kí àwọn alátakò má baà mọ ibi tí wọ́n máa gbá.

N kò ní purọ́ fún ọ pé ìpàdánù àsìkò yìí kì í dunni o. Ní 2018, Gophers ti Yunifásítì Minnesota tí mo ń tẹ̀lé lọ bá yunifásítì Penn State ní ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ Big Ten, líìgì wa, Penn State nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, àwọn Gophers padà sílé wá máa ka ìka. Ikọ̀ 16 ló ń wọ ìdíje NCAA, àjọ tó ń ṣètò eré àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá gba ife líìgì rẹ̀ wọlé tààrà, nígbà náà, ìṣirò PairWise, tó ń fi èsì eré to àwọn ikọ̀, ló ń mú àwọn yòókù. Ìṣirò yẹn ò lójú àánú: eré oṣù Kẹwàá àti ti oṣù Kejì, ìwọ̀n kan náà ni, kò sì béèrè ẹni tó farapa. Minnesota Duluth, yunifásítì mìíràn ní ìpínlẹ̀ wa, fi 0.0001 jù wá lọ. Ẹyọ kan nínú ẹgbàárùn-ún! Duluth wọlé, wọ́n sì gba ife náà, 2-1 lórí Notre Dame, ní St. Paul, ìtòsí ilé àwa tí a wà níta. Don Lucia, kóòṣì wa tó gba ife 2002 àti 2003 fún wa, fipò sílẹ̀ lóṣù Kẹta ọdún yẹn. Àwa tí à ń ké pé kó máa lọ rí ohun tí a fẹ́. Bob Motzko dé sípò rẹ̀, ní 2023 a dé àṣekágbá, a ṣíwájú Quinnipiac 2-0, wọ́n dá a padà, wọ́n sì gbá ẹ̀kẹta wọlé nínú ìṣẹ́jú-àáyá 10 àkọ́kọ́ àfikún àsìkò. Jẹ́ kí n má tíì sọ ti ìyẹn.

Nítorí náà, sọ èyí fún mi: àwọn mẹ́ta tó farapa yẹn, iwájú ni wọ́n ń gbá àbí ẹ̀yìn? Tó bá jẹ́ iwájú ni gbogbo wọn, tí aṣọ́lé yín sì wà pépé, lọ wo eré Friday yìí. Tí méjì nínú wọn bá jẹ́ ti ẹ̀yìn, ta ti Saturday, mú ti Friday dání.